Òṣùmàrè Ojú Ìlú

Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ omi kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ òun. Ó ní orúkọ wà fún àwọn tí wọ́n pọ̀ nílẹ̀, kí wọ́n má baà ṣi ara wọn mú. Oyè tó ń jẹ́ ni Ojú Ìlú. Ta ló fi í jẹ ẹ́? Òun fúnra rẹ̀ ni, ní àárọ̀ Mọ́ńdé kan, bó ṣe ń ki búrẹ́dì bọ tíì. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, sẹ́yìn àga, sára kọ́ọ̀pù, àti síwájú fìlà dírẹ́bà rẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí àgbàlá tí àwọn pọ́ǹpù tó ń fa omi wà. Láràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á tò láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn títí dé ẹnu ọ̀nà láti kí i káàbọ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bó bá sín, wọ́n á sín. Ẹni tí sísín ò bá wá fún á fi ìka ro imú. Akọ̀wé ni aṣíwájú wọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó láwọn ọmọ tó ń bọ́, kò sì sí bí Ojú Ìlú ṣe máa húkọ́ tí Akọ̀wé ò ní sọ pé ikọ́ náà bá ìlànà mu.

Nínú gbogbo ìpinnu ńlá tí Ojú Ìlú ti ṣe, èyí tó ń fi yangàn jù ni ti gééjì. Gééjì ni aago kékeré tó wà lára pọ́ǹpù, tó ń fi bí omi ṣe ń fún páìpù tó hàn. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ rẹ̀ gòkè, ó wọ ibi pupa. Akọ̀wé sáré wá sọ.

"Pupa?" Ojú Ìlú dìde. "Lábẹ́ àkóso tèmi? Ta ló fún un láṣẹ?"

"Kò tọrọ àṣẹ rárá, sà," Akọ̀wé dáhùn, bí ẹni pé abẹ́rẹ́ náà ti bú bàbá rẹ̀.

"Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi àwọ̀ ewé. Kí ó kọ́ ẹ̀kọ́!"

Wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, wàhálà omi tán pátápátá lójú gééjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù, ìyẹn kò sí ẹni tó bèèrè.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ojú ọ̀tún Ojú Ìlú pọ́n. Kì í ṣe pípọ́n ẹni tí kò sùn dáadáa o. Ó pọ́n yíká ẹyinjú, ó ń dùn ún wọ inú egungun, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì kàn án, omi á dà pòròpòrò. Ó délé iṣẹ́, ó bi àwọn òṣìṣẹ́ pé, "Báwo ni ojú mi?"

"Ó mọ́ bí ọ̀sán!" gbogbo wọn hó.

Akọ̀wé tilẹ̀ fi kún un pé pupa tó wà níbẹ̀ kì í ṣe pupa lásán, pupa ọlá ni. Inú ọ̀gá dùn, ó sì lọ jókòó sídìí kọ́tìnì.

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi. Aránṣọ ni. Nǹkan tó bá wọ́, ó máa ń rí i, ó sì máa ń sọ ọ́ kó tó gé okùn.

"Bàbá, ojú yín pọ́n."

"Kò pọ́n. Ó ń tàn ni."

"Tó bá ń tàn, kí ló dé tí ẹ pa gbogbo iná ilé, tí ẹ wá jókòó sínú òkùnkùn bí adìẹ tó ń sàba? Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà ojú."

"Ìyá àwọn ọmọ, Ojú Ìlú kì í lọ rí dókítà. Dókítà ló máa ń wá rí Ojú Ìlú."

"Ó dáa. Nígbà tó bá dé, ẹ máa rí i?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Ó wọ bàtà.

Ní ilé ìwòsàn, ó bá àwọn èèyàn lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó tì wọ́n, ó sì ń retí kí wọ́n dìde fún un. Kò sẹ́ni tó dìde. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ ní kó sún díẹ̀. Nígbà tó kàn án, dókítà ojú, obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, ní kó gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ. Ẹ gbọ́ o: àgbọ̀n tó ti pẹ́ lókè, tí gbogbo ìlú ń wò láti ìsàlẹ̀, ni wọ́n ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ sórí irin kékeré bí àgbọ̀n ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì fọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín.

Dókítà wo ojú náà títí. "Kì í ṣe àpólò, kì í sì ṣe eruku," ó ní. "Inú ẹyinjú gan-an ló wú. Tí a bá fi í sílẹ̀, ó lè ba ojú jẹ́. Ẹ̀kán oògùn kan wà tí mo máa fún yín, sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n oògùn tó lágbára ni, a kì í bá a ṣeré."

Ó fi ìgò kékeré hàn wọ́n. Ó ní kí Ojú Ìlú fọwọ́, kí ó mi ìgò náà dáadáa, kí ó gbé orí sẹ́yìn, kí ó fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, kí ó kán ẹyọ ẹ̀kán kan síbẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú. Lẹ́yìn náà, kí ó di ojú, kí ó fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìgbà díẹ̀, kí oògùn má baà ṣàn lọ sí ọ̀fun.

"Ojú yín á yára funfun," dókítà ní, "ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ má tìtorí pé ó funfun dá a dúró lójijì, torí wíwú náà á padà wá. Díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa dín in kù, èmi ni mo sì máa sọ bí a ṣe máa dín in. Ẹ má lò ó kọjá ohun tí mo kọ. Ẹ má kán an sí ojú kejì tí kò ṣàìsàn. Ẹ má fún ẹlòmíràn. Kí ẹ sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n wọn ìfúnpá ojú yín."

"Ìfúnpá wo?"

"Omi wà nínú ojú, sà. Oògùn yìí máa ń mú kí ọ̀nà tí omi náà ń gbà jáde há nínú ojú àwọn kan, wọn ò sì ní mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ omi, ẹ mọ ohun tí omi tí kò rọ́nà jáde máa ń ṣe fún páìpù. Tí ìríran bá ń ṣú, tí orí bá ń fọ́ yín, tàbí tí ẹ bá rí òṣùmàrè tó yí iná ká, ẹ má dúró de ọjọ́. Ẹ máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìríran tí ìfúnpá bá pa kì í jí."

Ojú Ìlú wú àyà. "Dókítà, èmi ni mo ń wọn omi gbogbo ìlú yìí. Ta ló máa wá wọn èmi?"

"Èmi ni," dókítà dáhùn, "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Oògùn ṣiṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìrora ti lọ, ojú sì funfun. Ẹlòmíràn á dúpẹ́, á máa tẹ̀ lé ohun tí wọ́n sọ fún un. Ojú Ìlú sọ ọ́ di ayẹyẹ. Wọ́n á lu agogo, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde dúró, Akọ̀wé á gbé ìgò náà wọlé lórí ìrọ̀rí. Ojú Ìlú á gbé orí sẹ́yìn, á kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, wọn á sì pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀kán náà bó ṣe ń já bọ́. Tí ẹ̀kán bá bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kò tán síbẹ̀. Ó pàṣẹ pé nígbàkigbà tí oògùn bá fẹ́ kán sójú òun, kí wọ́n ti omi gbogbo ìlú pa. "Ẹ̀kán méjì kì í jọba lẹ́ẹ̀kan náà," ló wí. Báyìí ni ẹni tó wà ní balùwẹ̀, tó ti fi ọṣẹ bo ojú, á dúró gbagidi, á máa táràrà wá tówẹ̀ẹ̀lì, á sì máa gba àdúrà kan fún Ojú Ìlú tí n kò lè kọ síbí, torí àwọn ọmọ lè wà nítòsí yín.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá fún un pé, ìyàwó rẹ̀ sì rán an létí.

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" ó bi í. "Ojú tó funfun báyìí?"

"Dókítà ló sọ pé funfun kọ́ ni òpin ẹ̀. Ó fẹ́ wọn inú rẹ̀."

"Inú mi dùn. Lọ sọ fún un."

Dípò kí ó dín oògùn kù, ńṣe ló fi kún un. Ó ní ojú òsì ń jowú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán an sí méjèèjì. Bí ìgò bá tán, Akọ̀wé á lọ sí kẹ́míìsì. Tí wọ́n bá bèèrè ìwé dókítà, á fi fìlà dírẹ́bà hàn wọ́n.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àpólò mú Akọ̀wé. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ ń ṣe ipin, àánú rẹ̀ sì ṣe Ojú Ìlú. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó láàánú, ariwo ni kì í jẹ́ kí àánú náà gbọ́ràn. Ó ní kí wọ́n lu agogo. Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó fi Oyè Ẹ̀kán dá Akọ̀wé lọ́lá, ó sì kán oògùn ti ara rẹ̀ sí i lójú. Ẹnu ìgò kan ìpéǹpéjú Akọ̀wé, gbogbo wọn sì hó yèè.

Lọ́jọ́ yẹn, ojú náà fúyẹ́ díẹ̀. Nígbà tó yá, ó wú bí búrẹ́dì inú tíì. Ìyàwó Ojú Ìlú gbọ́, ó ju ìgò yẹn sórí ààtàn, torí ẹnu rẹ̀ ti kan àpólò. Akọ̀wé yọ́ lọ bá dókítà ojú. Dókítà ní kòkòrò àpólò ni sítẹ́rọ́ìdì náà ń ràn lọ́wọ́ lójú rẹ̀, ó fún un ní oògùn tó yẹ ẹ́, ó wá bi í léèrè ibi tó ti rí ìgò.

"Ọ̀gá rẹ ṣì ń kán an ni?" Dókítà gbé ojú sókè. "Sí ojú méjèèjì? Sọ fún wọn pé kí wọ́n wá lónìí. Sọ fún wọn pé ẹ̀rù ojú wọn ń bà mí."

Akọ̀wé padà dé. Ó dúró níwájú tábìlì ńlá. Ó wo kọ́ọ̀pù, ó wo àga, ó rántí owó ilé ìwé.

"Kí ni dókítà wí?"

"Ó ní... ojú yín kì í kúrò lọ́kàn òun, sà."

"Mo mọ̀!" Ojú Ìlú wí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń bínú sí Akọ̀wé, ẹ dúró ná. Òun náà kò sùn lọ́jọ́ yẹn.

Lákòókò yìí ni ìròyìn dé pé Ọ̀gá Pátápátá láti olú ilé-iṣẹ́ ń bọ̀ wá ṣí pọ́ǹpù tuntun. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ya àwòrán Ọ̀gá Pátápátá, aṣọ funfun ló máa ń wọ̀. Ojú Ìlú wá ní kí ìyàwó òun rán aṣọ funfun fún pọ́ǹpù náà, èyí tí wọ́n máa fa okùn rẹ̀ kó ṣí wálẹ̀. Obìnrin náà rán an. Ó ṣe èjìká sí i, torí páìpù méjì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ṣe fìlà sí i, torí orí pọ́ǹpù rí roboto.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, Ojú Ìlú pariwo láti pálọ̀. "Ìyá àwọn ọmọ! Wá wo ògo!"

Ìyàwó sáré jáde, abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ gílóòbù.

"O rí òṣùmàrè tó yí i ká? Ìmọ́lẹ̀ pàápàá ti ń dé mi ládé!"

Obìnrin náà yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Bàbá, n kò rí òṣùmàrè kankan. Orí ń fọ́ yín?"

"Díẹ̀. Ìwúwo ọpọlọ ni."

"Ohun tí dókítà sọ gan-an nìyí! Ó ní tí ẹ bá ti rí òṣùmàrè, ká máa bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ bàtà. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò sì ríran."

"Lẹ́yìn ayẹyẹ. Ó ti tó."

Ó bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́. Òkúta ì bá ti gbọ́. Ní àárọ̀, ọkọ rẹ̀ dé ilé-iṣẹ́, ó na ìka sí gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ rí òṣùmàrè yẹn?"

"A rí i, sà!"

"Mo rí méjì," ni Akọ̀wé wí, ẹni tí ojú kan rẹ̀ ṣì wú.

Ẹ wá wo àgbàlá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àga tò, èrò pé, pọ́ǹpù tuntun dúró láàárín nínú aṣọ funfun. Bí kùrukùru ni gbogbo rẹ̀ rí lójú Ojú Ìlú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn. Ó rí nǹkan funfun kan, gíga, tó ní èjìká, tó dé fìlà. Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Ó rìn lọ bá a, ó tẹríba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ọ̀gá Pátápátá! Òkè tí àwọn òkè yòókù ń wò kí wọ́n tó dìde!"

Àwọn òṣìṣẹ́ wo ara wọn. Wọ́n rí i kedere pé pọ́ǹpù ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti tẹríba. Ta ló máa dá dúró? Wọ́n tẹríba fún pọ́ǹpù, láti orí Akọ̀wé títí dé ẹ̀yìn pátápátá.

Ọ̀gá Pátápátá ti dé. Ó ti gbọ́ pé omi wà níbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ lásán ló wọ̀, ó sì fúnra rẹ̀ wa mọ́tò wá. Ó rìn lọ bá Ojú Ìlú láti kí i. Ojú Ìlú rí òjìji kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé agboòrùn tó mú dání lé e lọ́wọ́.

"Dírẹ́bà, bá mi di èyí mú. Má sì gbọn ọwọ́."

Ọ̀gá Pátápátá wo agboòrùn, ó wo pọ́ǹpù, ó wo àwọn tó tẹríba. Ó dì í mú. Ó fẹ́ mọ ibi tó máa já sí, bí èmi àtẹ̀yin.

Ojú Ìlú sọ̀rọ̀ o! Ó ní bí kò bá sí Ọ̀gá Pátápátá, omi ì bá máa ṣàn lọ sókè. Ó ní kí wọ́n wo bó ṣe dúró ṣinṣin, ẹni ńlá kì í mira. Ìfúnpá ti ń pọ̀ nínú páìpù àtijọ́ tí wọ́n so pọ́ǹpù tuntun mọ́, gééjì tí wọ́n lẹ̀ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í mí hìì, omi sì ń kán lábẹ́ aṣọ.

"Ẹ wò ó!" Ojú Ìlú kígbe. "Ọ̀rọ̀ mi ti mú wọn sunkún!"

"Bàbá!" ìyàwó rẹ̀ ń pariwo láàárín èrò, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà. "Bàbá, pọ́ǹpù ni!"

Ẹni tí wọ́n ní kó fa okùn gbọ́ orúkọ pọ́ǹpù, ó rò pé àkókò ti tó, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ já wálẹ̀.

"Yéè! Ẹ̀yin ọ̀bàyéjẹ́! Ẹ ti bọ́ Ọ̀gá Pátápátá sí ìhòòhò!" Ojú Ìlú já kóòtù rẹ̀ bọ́, ó fò mọ́ pọ́ǹpù, ó fi kóòtù bò ó, ó sì fi ara rẹ̀ bo kóòtù. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan ọwọ́ ẹ̀rọ. Gbàù! Gbogbo omi tí gọ́ọ̀mù ti ń sé láti ìgbà yẹn tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fìlà fò, àga dojú dé, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Nígbà tí wọ́n fi rí omi tì, ẹni kan ṣoṣo ni kò tutù nínú àgbàlá, ìyẹn ẹni tó wà lábẹ́ agboòrùn.

"Ọ̀gbẹ́ni," ẹni náà wí jẹ́jẹ́, "èmi ni Ọ̀gá Pátápátá."

Ojú Ìlú yí sí ibi tí ohùn náà ti wá. Ó tẹjú, ó tún tẹjú. Kò rí ojú èèyàn. Ìbẹ̀rù tí kò tíì mọ̀ rí mú un, ó sì yí sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

"Báwo ni ojú mi?" Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ó mọ́ bí ọ̀sán!" wọ́n hó, omi ń ro lára wọn.

"Irọ́ ni!" Akọ̀wé ló pariwo, ó sì bú sẹ́kún. "Irọ́ ni, sà. N kò rí òṣùmàrè kankan. Dókítà ní kí ẹ wá, ó ní ẹ̀rù ojú yín ń ba òun. Èmi ni n kò sọ."

Ẹ̀rín tó fẹ́ sọ lẹ́nu èrò padà sínú. Ìyàwó ti dé, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Wọn ò ríran, sà," ó sọ fún Ọ̀gá Pátápátá. Mọ́tò Ọ̀gá Pátápátá ló sì gbé wọn lọ.

Dókítà kò sọ pé ṣebí mo wí. Ó wọn ojú méjèèjì, ó mí kanlẹ̀, ó fún un ní oògùn tó ń mú ìfúnpá wálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín sítẹ́rọ́ìdì kù bó ṣe yẹ. Kùrukùru náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ kan ti kú, kò sì ní jí. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ wá, Ojú Ìlú kò ní mọ̀ títí onítọ̀hún yóò fi kí i.

Wọ́n rí gọ́ọ̀mù lára gééjì, nítorí náà wọ́n gba àga, wọ́n gba kọ́ọ̀pù, wọ́n gba fìlà dírẹ́bà. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, sídìí tábìlì tí àwọn ará ìlú ti ń wá fi ẹjọ́ omi sùn. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá ni ọkùnrin kan tí ọṣẹ ti gbẹ mọ́ lórí rí, ó sì rojọ́ dáadáa. Ní ti Akọ̀wé, wọ́n ní ọ̀gá tuntun sín lọ́jọ́ kan, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́, Akọ̀wé nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Nílé, tí àkókò oògùn bá tó, kò sí agogo. Ojú Ìlú á fọwọ́, á mi ìgò, á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, á gbé orí sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ á kán ẹyọ kan. Á di ojú, á fi ìka tẹ igun rẹ̀, kò sì ní sọ̀rọ̀ rárá títí àsìkò á fi pé. Obìnrin náà ti jẹ́wọ́ fún dókítà pé òun fẹ́ràn oògùn yìí gan-an.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ṣí ojú, ó wo gílóòbù. Gílóòbù lásán ni.

"Báwo ni ojú mi?" ó bi í.

Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó wò ó dáadáa, bó ṣe máa ń wo ojú abẹ́rẹ́ kó tó ki okùn bọ̀ ọ́.

"Ó ṣì pọ́n díẹ̀," ó ní.

"O ṣeun," ni Ojú Ìlú wí, ó sì dé ìgò náà.